Ìrìn Àjò Mi sí Ṣómólú, Níbi Tí Àbúrò Mi Ti Ń Kọ Ìwé Ìlò Ẹ̀rọ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé ní Ọ̀yọ́. Màmá ti jí ṣáájú mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ta ìborùn mọ́ èjìká, ó sì tún sọ ohun tó ti ń sọ láti àná.

"Àkànní, má bá a jà o. Ṣùgbọ́n mú un wálé."

Ọ̀rọ̀ Bísọ́lá, àbúrò mi obìnrin, ló ń sọ. Bísọ́lá ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, ó sì ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ l'Ékòó. Lójijì ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Màmá tilẹ̀ rò pé ńṣe ló ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà níwájú kóòtù. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá sì ń wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá wa ti ṣèlérí pé bí Bísọ́lá bá tètè dé, àyè náà di tirẹ̀. Ohun tí mo ń gbé lọ nìyẹn.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Òwódé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni owó ọkọ̀ dé Ọjọ́ta. Títí a fi dé Ìbàdàn ni awakọ̀ ń yà fún kòtò, tí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń di àpò gààrí rẹ̀ mú bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tí a já sí ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo wa sùn lọ. Ní Ọjọ́ta mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Onípánu. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ á kọ́kọ́ kí awakọ̀, á wá sọ ibi tó fẹ́ sọ̀. L'Ékòó, wọn kì í rò ó tó bẹ́ẹ̀. "Ó wà o!" ni wọ́n ń ké, ìyẹn ni pé ẹnì kan ń sọ̀. Èmi ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́wọ́ títí a fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi wọ Ṣómólú, ọ̀ọ́dúnrún náírà. Mo ní kí awakọ̀ náà já mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, gbogbo Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ̀wé o. Àdúgbò wo gan-an?"

Mo fún un ní fóònù mi kí Bísọ́lá fúnra rẹ̀ júwe.

Ní Ọ̀yọ́, ilé ìtẹ̀wé tí mo mọ̀ ní ẹ̀rọ kan, bí iná bá sì lọ, a ó lọ sílé. Ní Ṣómólú, ilé kan ń tẹ̀wé, èyí tó kàn án ń gé bébà, ẹ̀kẹta ń lẹ ẹ̀yìn ìwé pọ̀. Àwọn ọkùnrin ń ru bébà sórí, wọ́n ń sáré kọjá láàárín ọkọ̀. Kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, páálí oògùn, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀, òórùn íǹkì sì gba gbogbo àdúgbò. Bísọ́lá ń dúró dè mí níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlájì Mùfú, bàbá arúgbó kan tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. Ó ti rù díẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ sílé rẹ̀ ní Bàrígà, ó ṣàlàyé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ń kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun, ẹ̀rọ tó ń fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára ní afẹ́fẹ́ mímí. Wọ́n ti ń gbé e fún àwọn aláìsàn lọ sílé báyìí. Àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyàwó ni, ọmọ ni, àbúrò ni. Bísọ́lá ló kọ ìwé pélébé tí yóò máa bá ẹ̀rọ náà lọ, ní Yorùbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Àlájì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa máa ń se ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ata àti epo ni. Ní tàwọn ará Èkó, wọ́n á se ẹ̀wà lọ́tọ̀ títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á wá bu ata díndín tó ti dúdú lé e lórí. Ó dùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Mo ń jẹun, mo ń ka ìwé Bísọ́lá. Mo wá àṣìṣe títí, n kò rí ọ̀kan. Mo sọ fún un pé ó dára.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi," ó ní. "Àmọ́ èmi kò tíì mọ̀."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ náà tó yá a ní ẹ̀rọ kan tó lè fi dán ìwé náà wò. Bísọ́lá pe Ìyá Rídì, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ránṣọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà ka iwájú rẹ̀, ó fún un níwèé, ó sì jókòó sí igun kan. "Ẹ ṣe ohun tí ìwé bá sọ. Èmi kò ní sọ̀rọ̀."

Ìyá Rídì ń kà, ó ń ṣe é. Ó so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ibi tó yẹ. Ó yọ ìgò kékeré tí wọ́n ń bu omi sí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ. Ìwé ní, "Ẹ bu omi tí ẹ ti sè sínú ìgò náà." Ìyá Rídì dìde, ó gbé omi kaná, ó dúró kí ó hó, ó sì dà á sínú ìgò bó ṣe ń rú èéfín lọ. Ike ni ìgò náà. Ojú wa báyìí ló ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bísọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?" Ìyá Rídì bi í, ẹ̀rù sì bà á.

"Rárá, ẹ̀yin kọ́," Bísọ́lá dá a lóhùn. "Èmi ni n kò sọ pé kí ẹ jẹ́ kó tutù."

Lówùúrọ̀, kí a tó dé ọ̀dọ̀ Àlájì, ẹ̀rọ ti ń tẹ̀. Bébà ti ga dé orúnkún. Bísọ́lá ní kí wọ́n pa á. Àlájì wojú rẹ̀, ó pa á, ó ní, "Bísọ́lá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn máa bínú o."

Ó bínú lóòótọ́ nígbà tí Bísọ́lá pè é. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí títì, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, òógùn bò ó. Ó ka gbólóhùn náà sókè.

"Kí ló ṣe é? Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi tutù?"

"Ẹni tí kò sùn mọ́jú nítorí ìyá rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, sà," Bísọ́lá wí.

"Bí kò bá yé e, kó béèrè."

"Lọ́wọ́ ta ni, sà?"

Mo dá sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, olùkọ́ Yorùbá ni mí. Mo ka ìwé yìí lánàá, mo ní kò sí àléébù níbẹ̀. Ìgbà tí omi gbígbóná wọ inú ìgò ni mo tó rí i." Bísọ́lá yọ ìgò tó ti wọ́ náà nínú báàgì, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ máa san owó bébà tó bà jẹ́." Ó ti fẹ́ jáde, ló bá yíjú padà. "Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rọ tó kàn, ẹlòmíràn la máa gbé e fún. Ẹni tó máa parí iṣẹ́ lásìkò."

Ibẹ̀ náà ni Bísọ́lá jókòó sí lórí àpò bébà tó tún ojú ìwé náà kọ: "Ẹ se omi. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ bù ú sínú ìgò." Kò sunkún àfi ìgbà tí a kúrò lọ́dọ̀ Àlájì. Mo ra bọ̀ọ̀lì fún un, ó mú un lọ́wọ́ láì jẹ ẹ́.

"Màmá ní kí ẹ mú mi wálé, àbí?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ wà."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Màá sọ pé o ti níṣẹ́."

"Bọ̀dá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi ni."

"Ìwé ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbà, wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó wojú mi, ó sì bù nínú bọ̀ọ̀lì náà. Ó ní báńkì wà, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ oko wà, àwọn tó ń ta páànẹ́lì oòrùn wà. Òun á wá iṣẹ́ ìwé kíkọ mìíràn lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ kejì ni mo padà. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì tó wọ Ọ̀yọ́. Mo jókòó ti Màmá, mo sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ìyá Rídì, ìgò tó wọ́, ọ̀gá tó bínú. Mo sọ fún un pé kí n tó lọ, mo rò pé ẹni tó bá ti mọ Yorùbá kọ dáadáa, ìwé rẹ̀ ti pé nìyẹn. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ẹnì kan lè kọ ọ́ kó dán mọ́rán, kó sì ṣe aláìsàn ní jàǹbá.

Mo rò pé Màmá yóò bínú nípa iṣẹ́ olùkọ́ náà.

"Ìwé yẹn dára," ó ní. "Irú èmi tí n kò mọ̀wé kà wá ńkọ́?"

Mo pe Bísọ́lá, mo sì rò ọ̀rọ̀ Màmá fún un. Ó ní, "Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń ka ìwé náà fún Màmá, díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Màmá tẹ etí mọ́ fóònù, ó ń fọwọ́ ṣe é nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí Bísọ́lá dé ibì kan, ọwọ́ Màmá dúró, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe tẹ̀ lé e.

"Bísọ́lá, dúró ná," ó ní. "Tún ibẹ̀ yẹn kà fún mi."