Ṣebí Ẹ Ní Kí Bóòtù Ìlù Náà Le

Títí di òní, bí òórùn ọ́ìlì tó gbóná lára irin bá kọ lu imú mi, Trade Fair ni ọkàn mi ń lọ tààrà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kó ṣọ́ọ̀bù sí ní ìlà gígùn kan. Ẹ̀rọ ibẹ̀ a máa kùn láti àárọ̀, èérún irin tí wọ́n ń gbẹ́ a máa ká róbóróbó já bọ́ sílẹ̀, á máa dán, á sì gbóná débi pé ẹni tó bá wọ sálúbàtà á fẹsẹ̀ fò sókè lójijì. Èmi tí mo wọ sálúbàtà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Ìwọ ti kó kúrò ní Festac nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ náà ì bá wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìlù ni, o sì mọ̀ pé a kì í dárúkọ ìlù níwájú èmi àti ìwọ kí ara wa má yá gágá.

O rántí báǹdì ìjọ wa ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Bàbá tó dá a sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Báǹdì, ṣì ni ọ̀gá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí orúnkún rẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn ìlù tí a máa ń gbé kọ́rùn láti fi yan lójú títì, àwọn yẹn gan-an tí èmi àti ìwọ lù, ni wọ́n ṣì ń lò. Ike ni ojú wọn, kì í ṣe awọ ẹran. Bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn mẹ́jọ ló ń fa ike náà wálẹ̀ lára ìlù kọ̀ọ̀kan kó lè dún. Bàbá Báǹdì kò sì fìgbà kan jẹ́ kí àwọn bóòtù yẹn sinmi: "Ẹ dè é kó le. Kò tíì le." Nígbà tó yá, tíréèdì wọn, ìyẹn ìlà tó yí ara wọn ká, jẹ tán, wọn ò lè di nọ́ọ̀tì mú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlù dẹ̀ lójú títì, tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti páálí, tí àwọn èèyàn sì ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ìjọ pèpàdé, wọ́n ní kí àwa ará báǹdì náà wá. O mọ àwọn bàbá wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ohun tí wọn ò ní kọ sínú fáìlì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìlù bá tún dẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá yan fún àjọ̀dún ìjọ, báǹdì parí nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á máa fi orin sí i. Bàbá Báǹdì ṣí fìlà lórí. Ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mi ò lè wò ó. Bí mo ṣe dìde nìyẹn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bóòtù lé mi lọ́wọ́, pé èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ, tí mò ń ya àwòrán páìpù níbi iṣẹ́, màá ṣe tuntun tí yóò lágbára ju ti àtijọ́ lọ. O mọ ẹnu mi, ó ti sọ ọ́ tán kí ọpọlọ tó dé. Kí n má sì parọ́ fún ọ, láti ìgbà tí mo ti ń ya àwòrán títí di ọjọ́ yẹn, n kò tíì fi ojú ara mi rí ohun kan tí mo yà kó di irin.

Ní Trade Fair, wọ́n júwe ọ̀gá agbẹ́rin kan fún mi, ọmọ Ìwó, Àlàájì ni gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn ń pè é. Mo fi bóòtù àtijọ́ kan lé e lọ́wọ́. Ó fi èékánná tọ tíréèdì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bí mo ṣe fẹ́ tuntun. Mo dáhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí Bàbá Báǹdì kọ́.

"Ẹ jẹ́ kó le, Àlàájì. Kó le gan-an."

Ó ní kò sí wàhálà. Nígbà tí mo padà lọ kó wọn, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n rí bí ohun tí ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Orí mi wú.

Lọ́sàn-án Sátidé, ní gbọ̀ngàn ìjọ, a fi bóòtù tuntun sára ìlù àkọ́kọ́. Bàbá Báǹdì fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí wọn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi etí tì í. Ó dún dáadáa. Ó tún yí i. Bóòtù kan já, kọ́, orí rẹ̀ fò lu ògiri. Kí a tó mí, èkejì ti já, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Wọn ò tẹ̀ rárá, wọ́n kàn ń ṣẹ́ bíi bísíkíìtì. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu. Bàbá Báǹdì ṣa àwọn tó já, ó kó wọn sí mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ìbínú ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ Àlàájì, ìbínú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Mo da àwọn bóòtù náà sórí tábìlì rẹ̀, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ó wo ojú ibi tí wọ́n ti já, ó wá wo èmi náà.

"Àǹtí Injinníà, ṣebí ẹ ní kó le?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí òun ṣe gbẹ́ wọn tán lòun kó wọn síná títí wọ́n fi pọ́n, tí òun sì rì wọ́n bọ ọ́ìlì, kí wọ́n lè le bí mo ṣe wí. Oore ló rò pé òun ń ṣe fún mi. "Irin tó bá ti le báyẹn kì í tẹ̀," ó ní, "jíjá ló ń já. Irin tó lágbára lẹ fẹ́, ẹ ò sì sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Bàbá Báǹdì ní kó le, ojú ìlù tí a fà tí kò dẹ̀ ló ní lọ́kàn. Àlàájì gbọ́ pé kó le, iná àti ọ́ìlì ló rántí. Èmi tó wà láàárín wọn, tí mo ka gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin tí wọ́n bá rì bọ ọ́ìlì nínú ìwé, tí mo tiẹ̀ yege nínú ìdánwò rẹ̀, mo kàn ru ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì láì tú u wò. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, òun náà bá mi rín in. Ó ní bóòtù nìkan ni mo mú wá nígbà àkọ́kọ́, kí n jẹ́ kí òun rí ìlù náà gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó kírun ọ̀sán tán, ó wá sí gbọ̀ngàn wa. Òun àti Bàbá Báǹdì kí ara wọn títí, bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló sùn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ìlù láti ìsàlẹ̀, ó ní kí Bàbá máa yí bóòtù kan. Ó pè mí kí n wá wò ó. Bí bóòtù náà ṣe ń fún ló ń fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí bóòtù wọ inú rẹ̀ kò mira, ọrùn bóòtù ló wá ń jẹ gbogbo ìyà náà.

"Ohun tó ń pa á nìyí," Àlàájì wí. "Nọ́ọ̀tì yìí ò gbà kó yíjú."

Ó ní kí n rántí ẹsẹ̀ mọ́tò, bí irin olórí róbótó ṣe ń jókòó sínú ife kékeré, tó ń yíjú síbi tí táyà bá yà sí. Ó yé mi, ọ̀rẹ́! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fa ìwé àti pẹ́ńsù yọ, mo ya nọ́ọ̀tì onídẹ tí ìdí rẹ̀ rí róbótó, mo ya ife irin tí yóò jókòó sí, mo fi kún gígùn tíréèdì. Àlàájì gba pẹ́ńsù, ó pa ìlà kan rẹ́. Mo gbà á padà, mo fa òmíràn. Bàbá Báǹdì fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú kí fáànù má gbé e lọ. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, Trade Fair yá. Àlàájì fi irin tó lágbára gbẹ́ bóòtù mìíràn, kò sì kó wọn síná mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, Àlàájì nù ún, ó gbé e sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí mo fi pẹ́ńsù fà ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ó wúwo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn débi tí omi lé sí mi lójú, mo sì díbọ́n pé èéfín ni.

Ní Sátidé, a tún pé sí gbọ̀ngàn. Àlàájì káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró tì mí. Bàbá Báǹdì ń yí i, ìlù ń dún, ohùn rẹ̀ ń ga sí i. Ó kọjá ibi tó máa ń dé tẹ́lẹ̀. Mo ní ó tó, ó ní kò tíì le. Ó tún yí i. Pá! Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a gbójú sókè, ike ojú ìlù ló ya sí méjì. Bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró digbí, kò sí èyí tó tẹ̀. Ariwo ayọ̀ ta nínú gbọ̀ngàn yẹn, Bàbá Báǹdì fi orúnkún tó ń dùn ún jó, Àlàájì ń pàtẹ́wọ́ fún un. A wá ojú ìlù mìíràn, a fi sí i, a sì dè é mọ níwọ̀n, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìlù yòókù.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún, a yan láti Amúwo wọ Festac nínú oòrùn, tí ìró ìlù ń lu ògiri ilé tó ń padà wá bá wa. Mo rí Àlàájì létí títì. Kò wo ẹni tó ń yan, ara ìlù ló ń wò. Nígbà tí a padà dé ọgbà ìjọ, tí àwọn àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Báǹdì fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìlù kọ̀ọ̀kan. "Ó ṣì le," ló sọ, ó sì dé fìlà rẹ̀.

Bóòtù kan nínú àwọn tó já yẹn wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé bí àwòrán bá ti péye, iṣẹ́ parí. N kò ka etí ẹni tó máa ṣe é sí, àfi ìgbà tí irin fò lójú mi. Báyìí, bí mo bá júwe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tán, n kì í jẹ́ kó lọ kí n tó bi í léèrè pé kí ló gbọ́ pé mo sọ. Báǹdì náà ṣì ń yan, Bàbá Báǹdì ò sì tíì yéé pariwo pé kò tíì le. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́ tí mo wà níbẹ̀, á yíjú sí mi, á ní, "Ti ìlù ni mò ń wí o, kì í ṣe ti irin."