Ọba Àwọn Ọba Ilé Ìránṣọ

Ọkọ mi ló kó àwọn ọ̀rọ̀ náà wọlé. Tíṣà ni, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹni tó bá sì fẹ́ tíṣà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kì í tán lẹ́nu ẹ̀. Bó bá ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀, á máa ka iṣẹ́ ọjọ́ náà sókè. Èmi tí mo parí ìwé mẹ́fà tí mo bá iṣẹ́ aránṣọ lọ, etí ni mo fi ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ kan ọba àwọn ọba. Ó ní ọba lásán, ìlú tirẹ̀ ló ń pàṣẹ fún. Ọba àwọn ọba, àwọn ọba ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ohun tí àwọn ìlú tó ti ṣẹ́gun ń gbé wá fún un ni ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó fi sí ìlú onílùú kó máa bá a ṣọ́ wọn ni ajẹ́lẹ̀. Ìlú tó bá sì rí i pé apá òun ò ká ogun mọ́, á túúbá, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gbà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi bí ẹni pé oríkì mi ni wọ́n ń kì. Mo ní, "Bàbá wọn, bí mo ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù gan-an nìyí."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò mí. "Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi ń yà síbẹ̀ nìyẹn."

Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: èmi, ìyàwó àbúrò mi tó ń ránṣọ, àti Ìyá Ìbejì tó ń gán bọ́tìnnì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: kò sẹ́ni tó ń gé aṣọ àfi èmi. Sísọ́ọ̀sì ńlá wà lórí ìṣó lẹ́yìn àga mi, àga náà sì ga débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀. Àpótí ni mo fi ń gùn ún. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, àga di ìtẹ́, sísọ́ọ̀sì di ọ̀pá àṣẹ. Bí mo bá ń jáde, màá fi Ìyá Ìbejì jẹ ajẹ́lẹ̀. Bí ìyàwó wa bá ra bisikíìtì, màá ní kó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá.

"Àǹtí mi, méjì péré ló kù nínú ẹ̀ o."

"Mú ọ̀kan wá, ìlú kékeré."

"Kábíyèsí!" Á kúnlẹ̀, á gbé e fún mi. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ńlá kan gbé aṣọ wá, sátíìnì pupa tó ń dán lójú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú. Olórí wọn, obìnrin gíga kan tí eyín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lóde, ní bó bá dáa, gbogbo aṣọ ìjọ, tọmọdé tàgbà, di tiwa. Bí ò bá dáa, kò sí ẹni tó létí tí ò ní gbọ́.

Àtàǹpàkò ọ̀tún mi bá wú bí ọ̀dùnkún. Kò ṣe é kì bọ ojú sísọ́ọ̀sì. Ọlọ́gbọ́n á ní kí ìyàwó wa bá òun gé e. Èmi gorí ìtẹ́. Mo ní kó mú sísọ́ọ̀sì, kó má fi ọgbọ́n orí ẹ̀ ṣe ohunkóhun, ibi tí mo bá nawọ́ sí ni kó gé.

"Àǹtí, apá aṣọ yìí..."

"Ẹnu mi ni kó o gbọ́!"

Ó tún la ẹnu. Mo na ìka wíwú yẹn sí i. Ó pa ẹnu dé, ó ń gé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí a bá fẹ́ gé apá, ṣe là ń ká aṣọ kí ojú méjèèjì kọjú síra, kí ọ̀kan lè jẹ́ ọ̀tún, kí ìkejì jẹ́ òsì. Èmi ní kó to gbogbo ẹ̀ lérí ara wọn, kó dojú wọn sókè, torí pé mo ń kánjú. Nígbà tí a fẹ́ fi apá sára aṣọ, òsì ni gbogbo wọn, látòkè délẹ̀, bí a bá sì yí ìdajì wọn padà, ẹ̀yìn tó ṣú ló máa bọ́ síta.

Ìyá Ìbejì ní, "Kí wọ́n kúkú wá ẹni tí ò lọ́wọ́ ọ̀tún kọrin."

Mo yíjú sí ìyàwó wa. "O rí i, o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ní ẹnu yín ni kí n gbọ́. Mo gbọ́ ọ."

Èyí tó ṣẹ́ kù nínú sátíìnì ò tó gèlè ọmọláńgidi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń bọ̀ wá kó aṣọ. Mo pariwo, mo pariwo; apá òsì ò tìtorí ẹ̀ di ọ̀tún. Ìyàwó wa gbé sísọ́ọ̀sì kọ́ padà, ó káwọ́ gbera. Mo wojú ẹ̀, mo sì rí i pé ó mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

"Ìyàwó wa, báwo la ṣe máa ṣe é?"

"Hà! Ṣé ọba àwọn ọba ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìlú kékeré ni?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àpótí yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìdí ni mo fi kanlẹ̀. "Mo túúbá."

"Mi ò gbọ́ dáadáa."

"Mo ní mo túúbá! Ṣé kí n kọ ọ́ sára ògiri ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ ní sísọ́ọ̀sì tèmi, Àǹtí. Kí èmi náà máa gé. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀rù ń bà mí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo ní kó gba sísọ́ọ̀sì.

Ó ṣàlàyé fún wa: kí a dín orí apá náà kù títí iwájú àti ẹ̀yìn á fi dọ́gba, nígbà náà, á lọ sí ọ̀tún, á lọ sí òsì. Aṣọ akọrin fẹ̀, kò ní fún ẹnikẹ́ni lábíyá. Bó ṣe ń gé e, mo tún nawọ́ láti júwe.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí aṣọ, Àǹtí."

Mo gbọ́wọ́ kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, olórí akọrin wọ ọ̀kan, ó na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ fò, ó yí padà. Eyín jáde. "Ta ló gé aṣọ yìí?"

Ẹ wò ó, ẹnu mi ti là. "Èmi" ti dé ètè. Ìyá Ìbejì wúkọ́.

"Ìyàwó wa ni," mo sọ ọ́ bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì.

Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fa àga ti ìyàwó wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ aṣọ àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn nǹkan, ìyàwó wa gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú téèpù." Mo sì mú un fún un, kíá.