Ìyá Olómi Kì í Kánjú

Ẹni tí kò bá gbọ́ bí Ìyá Olómi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti dolóògbé, ṣe de télọ̀ mọ́ àga, kò tíì mọ̀ ọ́n rárá.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ náà obìnrin ni wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ni Ìyá Olómi bá gbé omi iyọ̀ kọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò lágbára, nítorí náà omi ní láti máa rọra kán. Aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí télọ̀ kò tíì rán. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kẹ̀yìn, télọ̀ yí táyà kékeré ara rọ́bà tí wọ́n fi ń dín omi kù, omi bá bẹ́ sí eré.

“Ta ló fọwọ́ kàn án?” Ìyá Olómi ti yí i padà kó tó jágbe.

“Èmi ni, mà. Mo ní kó tètè tán ká máa lọ sílé.”

“Ilé wo? Bí omi yìí bá sáré, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa kún sí. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ rì sómi lórí bẹ́ẹ̀dì ni?”

Ó fa báńdéèjì yọ, ó so ọwọ́ télọ̀ méjèèjì mọ́ apá àga. Aláìsàn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti bì. Nígbà tí omi tán tí wọ́n tú télọ̀ sílẹ̀, kò dìde. Ó ń béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ti lọ́kọ.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Nílé pàápàá, bí ọkọ bá ń da omi sọ́nà ọ̀fun, ìyàwó á ní, “Ẹ rọra, ọ̀fun ò ní sá lọ.”

Kọngílá kan tó ní àtọ̀gbẹ tún wà, tó gbà pé omi ṣúgà ló ń fúnni lágbára.

“Ẹ fún mi ní èyí tó tóbi jù!”

“Ẹni tí ebi ti mú ṣúgà ara ẹ̀ lọ sílẹ̀ la máa ń fún. Tiyín ti pọ̀ jù.”

“Ẹ bù ú sí méjì.”

“N ò bù.”

“Ẹ̀kán kan ṣoṣo ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Ẹ ṣáà gbé e kọ́ kí n máa wò ó!”

Nọ́ọ̀sì gbé àpò omi tó ṣófo kọ́ fún un. Láàárọ̀, kọngílá búra pé òun ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Nígbà tó yá, àìsàn dá Ìyá Olómi náà dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́. Omi ń kán, télọ̀ sì jókòó tì í, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpò. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. “Télọ̀ mi, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀, ká máa lọ sílé.”

Télọ̀ na ọwọ́ méjèèjì. “Yáa dè mí mọ́ àga.”

Ẹ̀rín ìyàwó gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Òun ni ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn, kò sì bá ọkọ rẹ̀ délé mọ́.

Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé télọ̀ ń jò báyìí. Ará ilé kan gbé irinṣẹ́ wá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n dí i. Kò ní pẹ́.”

“Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa kán,” ni télọ̀ wí. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ta ló ń kánjú?”