Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Inú Ẹyinjú

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn tí owó Udójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé, àwọn ará Èsìẹ́ ní Salaudeen ọkọ mi ti ń gbéraga. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á kọjá lọ bí ẹni tó rí igi. Ìgbéraga wo? Àgbẹ̀ oníṣu! Iwájú nìkan ló ń rí, kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Ta ló máa bú ọkọ èmi Jàrátù? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn. Bí ẹnì kan bá kúnlẹ̀, mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ gún un: "Fulera ni o!" Á yíjú: "Fulera, pẹ̀lẹ́ o. Ilé ńkọ́?" Ọdún mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni ò fura.

Ọjọ́ tó fẹsẹ̀ kọ ebè tó ṣubú la gbé e lọ sí Ìlọrin. Dókítà ní gulakómà ni, àrùn ojú tó ń jí ìríran ẹ̀gbẹ́ gbé díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn okùn tín-ín-rín ló ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, àwọn olùrànlọ́wọ́ kéékèèké sì ń bọ́ wọn, wọ́n ń gbá ìdọ̀tí wọn.

"Ṣùgbọ́n bí omi inú ojú bá ń tẹ̀ wọ́n jù, àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn á dààmú, wọ́n á wá máa ṣe okùn náà léṣe. Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Ọkọ mi rọra yí gbogbo orí sí apá òsì, títí ó fi rí mi.

"Dókítà, ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ náà ló jókòó tì mí yìí."