Rọra àti Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sọ́tùn-ún

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni awakọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Rọra ti ń fi ọkọ̀ kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń là á lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Ìnagijẹ náà kò bí i nínú. Bí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ bá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, a máa nawọ́ síta pé kí wọ́n kọjá, a sì máa bá òmíràn nínú wọn níwájú níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dákú. Ó so òwú pupa kan mọ́ òkè sítíárìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí òwú náà dúró sí bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà. Ó ní ojú a máa tan èèyàn jẹ, òwú kì í tan èèyàn.

Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ra táyà tuntun méjì síwájú ọkọ̀ náà, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè tọ́, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Aláìnmẹ́ńtì. Ẹ̀rọ ní gbogbo rẹ̀ ti tọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ ti jáde níbẹ̀ ló ti ń fà sọ́tùn-ún, bí ewúrẹ́ tó rí ewé lẹ́bàá ọ̀nà. Ọwọ́ òsì ni Rọra fi ń fà á padà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, èjìká rẹ̀ ń ro ó débi pé ìyàwó rẹ̀ ló bá a bọ́ ẹ̀wù.

Ojú ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe, torí ó wá kí wọn lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ẹ fi ọwọ́ òsì yín di ìka mi mú, kí ẹ fún un."

Rọra fún un.

"Ẹ fún un dáadáa."

"Bí mo bá fún un jù báyìí lọ, ìka mẹ́rin lo máa fi gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ lọ́la."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ní ọkọ̀ dáa, ẹ̀yin ní kò dáa. Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ yín ló ti ń rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rọra lára, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n fẹnu kò sí i pé òun àtọmọ yóò jọ gbé ọkọ̀ padà lọ lọ́la. Bí ẹ̀rọ bá tún sọ pé ó tọ́, Rọra yóò fún ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wíwà parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ife rẹ̀ lé tábìlì ilé ìdáná, tábìlì sì mì. Ó ti ń ká bébà tí yóò kì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pariwo.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ fi bébà yẹn sílẹ̀! Ẹ ò tíì mọ̀ bóyá tábìlì ló jẹ̀bi àbí ilẹ̀." Ó gbé ife kúrò, ó yí tábìlì po, kí ẹsẹ̀ tó wà létí ògiri lè bọ́ sápá kejì, ó sì tẹ orí rẹ̀. Igun ẹ̀gbẹ́ ògiri náà ló ṣì ń mì. "Ẹ rí i? Ẹsẹ̀ míì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ ni. Tábìlì mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Rọra wo tábìlì náà títí, kò rántí mu ohun tó wà nínú ife mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Aláìnmẹ́ńtì, ẹ̀rọ tún ní ó tọ́. Nọ́ọ̀sì nawọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Aláìnmẹ́ńtì wí. "Nọ́ńbà kì í parọ́."

"Mi ò pè é ní òpùrọ́. Bí táyà ṣe dúró ló wò, kò wo bí wọ́n ṣe ṣe táyà. Gbé tọ̀tún sósì, kí o gbé tòsì sọ́tùn-ún. Bó bá ṣì fà sọ́tùn-ún, táyà kọ́, màá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá bá táyà lọ, a jẹ́ pé ọwọ́ mi kọ́."

Aláìnmẹ́ńtì kùn díẹ̀, ó ní àwọn àgbà wá fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé jáàkì. Nígbà tó pààrọ̀ táyà tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há ara wọn síwájú ọkọ̀, wọ́n gbọ̀nà tó tẹ́jú lẹ́yìn ibi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì wà láàárín, ó tẹjú mọ́ òwú pupa. Rọra rọra dẹ ọwọ́. Ọkọ̀ lọ tààrà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

"Bàbá! Òsì ni!"

"Mo rí i."

"Òsì ló ń fà sí!"

"Mo ní mo rí i. Fi apá mi sílẹ̀, kí n má baà gbé wa wọ koríko lẹ́yìn tí mo ti jàre."

Wọ́n fi táyà àpamọ́ rọ́pò èyí tó ti wà lọ́tùn-ún tẹ́lẹ̀, òwú pupa sì dúró ṣánṣán. Aláìnmẹ́ńtì ní ẹ̀gbẹ́ kan táyà náà fẹ̀ ju ìkejì lọ ní ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, bí ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ: bí a bá yí i nílẹ̀, kò ní lọ tààrà láé. Ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí agbára rẹ̀ kò ti tó darí ẹnikẹ́ni, títí ẹni tó tà á yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣì máa sinmi èjìká yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Méjì."

"Mẹ́ta, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fi sílẹ̀ fún yín, mi ò fi èjìká sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó béèrè ẹni tó jẹ̀bi.

"Táyà."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ilé ìdáná mi ńkọ́? Òun náà ti jẹ̀bi látàárọ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Rọra fi po sìmẹ́ńtì tó fi dí kòtò igun náà lọ́jọ́ kejì. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ kó pákó, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.