Orí Ló Wọ̀n, Kò Wọn Ẹsẹ̀

Ọ̀sán gangan ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀, èrò ń kọjá lójú títì, Àbígbẹ̀yìn sì dúró sídìí tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ bo gìtá bí ẹni tó ń bo ẹran tó jí.

Gìtá náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Tíṣà ni, ìyá àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gìtá olókùn ọ̀rá. Bàbá Àbígbẹ̀yìn ló ṣe é fún un nígbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ní báyìí oríkèé ń dun Tíṣà, títẹ okùn ti di ìyà fún un. Ó ní bí wáyà, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, bá lè ga sí i, ìka òun ò ní máa tẹ okùn kanlẹ̀ kó tó dún. Ọwọ́ Bàbá sì ti ń gbọ̀n, kò lè di òòlù mú mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kó o ṣa wáyà, ìwọ náà ni kó o kàn án. Bó bá dáa, ṣọ́ọ̀bù di tìẹ. Bí ò bá dáa, màá tì í pa."

Bàbá kì í ṣàwàdà. Ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ti dolóògbé.

Oríṣiríṣi wáyà ló wà nínú àpótí. Àwọn kan rọ̀, okùn á tètè jẹ wọ́n. Àwọn kan le débi pé wọ́n á jẹ fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin fúnra rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mú irin ìwọ̀n, ó ń wọn orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi rí èyí tó ga bí Tíṣà ṣe fẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n wáyà gìtá ní orí, ó sì ní ẹsẹ̀. Orí ló ń gbé okùn, ẹsẹ̀ ló ń wọ ojú ayùn tí wọ́n là sára igi ọrùn. Orí ló wọ̀n. Ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wò ó.

Bẹ́ẹ̀ àṣà ilé wọn ò gba irú ìyẹn láyè. Gìtá yòówù tí Bàbá bá ṣe, ó máa ń gé díẹ̀ pamọ́ lára igi ọrùn rẹ̀, á fi ayùn kan náà là á, á gbé e kọ́ ara ògiri. Ọmọ gìtá ló ń pè é. Ara ọmọ ni wọ́n ti ń dán wáyà tuntun wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyá, ìyẹn gìtá fúnra rẹ̀. Ọmọ gìtá Tíṣà wà lórí ìṣó níwájú Àbígbẹ̀yìn, kò sì nawọ́ sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Òun fẹ́ parí iṣẹ́ kí Bàbá tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Ó yọ àwọn wáyà àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan tuntun. Wáyà ń le láti wọlé, ó ní ó dì mú dáadáa ni. Nígbà tó kan èyí tó gbẹ̀yìn tán, ó gbé gìtá sójú bí ọdẹ ṣe ń gbé ìbọn, ó wo ọrùn rẹ̀ lọ gbọnrangandan. Ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ẹsẹ̀ wáyà tó nípọn yẹn ti há mọ́ igi bí èrò tó pọ̀ jù lórí bẹ́ǹṣì kan, igi ò ríbi sá sí ju kó tẹ̀ lọ. Ó so okùn, ó ta á. Ariwo eṣinṣin inú ìgò ló gbọ́.

Bó bá ní kóun yọ wáyà, igi lè ya tẹ̀ lé e. Bó bá fi í sílẹ̀, Tíṣà ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń rí àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kedere. Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá, aṣọ ìnuwọ́ ló sì sún mọ́ ọn jù.

Bàbá wọlé, ó ní kó gbé gìtá wá kóun gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ, Bàbá."

Bó ti sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ti kó sí kòtò. Láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà, wọn kì í fi gọ́ọ̀mù sí wáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń di igi mú. Bàbá rìn lọ sídìí ògiri, ó mú ọmọ gìtá lórí ìṣó, ó fọwọ́ nu eruku ara rẹ̀, ó wo ojú ayùn tí wáyà tuntun kankan ò kàn, ó sì gbé e síwájú ọmọ rẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tu Àbígbẹ̀yìn.

"Yọ ọ́." Ó fa àga, ó jókòó.

Àbígbẹ̀yìn fi irin gbígbóná ra wáyà kọ̀ọ̀kan kí igi lè jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀mú fà á díẹ̀díẹ̀, òógùn ń dà sí i lójú. Bó bá ti yọ ọ̀kan, á dákẹ́, á tẹ́tí sílẹ̀ bóyá igi ké. Láàárín gbùngbùn, igi ké lóòótọ́. Ẹ̀rún kan bí èékánná ọmọ ọwọ́ fò jáde. Ó wo Bàbá, Bàbá ń wo ilẹ̀. Ó rá pálá lábẹ́ tábìlì títí tó fi rí ẹ̀rún náà, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ṣáà wá di òótọ́ nígbẹ̀yìn.

Ó fi fáìlì rẹ́ ẹsẹ̀ wáyà, ó dán an wò lára ọmọ. Ó tún rẹ́ ẹ, ó tún dán an wò, títí tó fi wọlé wọ́ọ́rọ́ láìfún. Lẹ́yìn náà ló tó padà sára ìyá.

Tíṣà ti dé, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí Àbígbẹ̀yìn so okùn tán. Bàbá gba gìtá. Ó ti di mímọ̀ pé bí Bàbá bá fi àtàǹpàkò pa ọrùn gìtá láti òkè dé ìdí, ohun tó bá sọ labẹ gé. Kò bi ẹnikẹ́ni rí. Àtàǹpàkò náà ń gbọ̀n. Ó fi pa á lọ, ó fi pa á bọ̀, ó tún fi pa á. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Tíṣà má baà gbọ́.

"Ṣé ó tọ́?"

Àbígbẹ̀yìn gbé gìtá sójú, ó wò ó pẹ́.

"Ó tọ́, Bàbá."

Bàbá gbà á bẹ́ẹ̀, ó gbé gìtá fún Tíṣà. Ìka Tíṣà kàn bà lé okùn ni, ohùn jáde, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù wá ba Àbígbẹ̀yìn. Ní gbogbo ọ̀sán, Bàbá ló ń bà á lẹ́rù. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí òun bá ti ní ó tọ́, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa gbà á.