Ọjọ́ tí Agbèjà Bọ́ Ìborùn Rẹ̀ Sílẹ̀

Kò sí ohun tó jọ akọni lára Christopher Bọ́lárìnwá. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tó máa ń fẹ́ tíì títí yóò fi tutù kó tó mu ún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó ń lọ ní Yábàá, òun ló ń gbé igbá ọrẹ kiri lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí aláǹgbá bá já bọ́ láti òkè àjà nínú ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, Gertrude ìyàwó rẹ̀ ló ń mú ìgbálẹ̀ lé e jáde. Kí ó tó lé e tán, ọkọ rẹ̀ á ti wà lórí àga.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, fún odidi ọdún mẹ́fà, òun ni Agbèjà.

Agbèjà ni orúkọ ìwé ìtàn aláwòrán kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà. Wọn kì í fi ọwọ́ ya àwòrán inú rẹ̀. Èèyàn gidi ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń ya wọ́n ní fọ́tò, kí wọ́n tó wá kọ ọ̀rọ̀ tí kálukú ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Agbèjà fúnra rẹ̀ a wọ aṣọ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ara, a fi ìbòjú dúdú bo ojú àti imú, a sì so ìborùn pupa kan mọ́ ọrùn tó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ògiri tí kò lè fò, kò sí jàgùdà tí kò lè mú. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀.

Ìbíkúnlé ayàwòrán ló dá ìwé náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mùṣín. Christopher lọ ya fọ́tò pélébé tí ọ́fíìsì ní kó mú wá lọ́jọ́ kan, ni Ìbíkúnlé bá yọ orí lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira. Ta ló fún yín ní irú àgbọ̀n yìí?" Christopher kò tíì rí ẹni tó yin àgbọ̀n rẹ̀ rí láyé. Kó tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti gbà láti gba ìlú là ní gbogbo Sátidé.

Gertrude mọ̀. Ìbíkúnlé mọ̀. Yẹ̀kínnì tó máa ń ṣe olè náà mọ̀. Ẹni kẹrin ni Sìdíkàt, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìbíkúnlé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Mùṣín ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Òun ló rán aṣọ Agbèjà, òun náà ló sì ń tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù láti fi kún un.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yìí tún ti súnkì o."

"Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni," Christopher á dáhùn, á sì fa ikùn sínú.

"Òótọ́ ni, ọṣẹ ni. Ọṣẹ tó ní ẹ̀bà nínú."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí di ọdún 1975. Ní Sátidé kan, wọ́n lọ ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ kan ní Ìgànmú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá lọ́ọ̀ọ́kán. Yẹ̀kínnì olè gbé àpò lérí, ó fo ògiri kọjá. Agbèjà sáré tẹ̀ lé e, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé ìkejì, ó sì há sórí ògiri. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Bó ti ń gbìyànjú láti yí ìdí padà, ṣòkòtò ya fààà.

Olè gbé àpò kalẹ̀, ó yí padà wá ran akọni lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Rárá, ọ̀tún ni mo ní."

Sìdíkàt ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣán ìró mọ́ ìdí, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú há ẹnu, ó sáré díẹ̀, ó sì wà lókè ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ológbò. Ó tú ìborùn kúrò lọ́rùn Christopher kí ó má baà dí i lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì rán ṣòkòtò náà níbẹ̀ lórí ògiri. Nígbà tó rán an tán, ó gé òwú pẹ̀lú eyín, ó sì fò sílẹ̀. Ìborùn pupa náà fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíkúnlé ti tẹ kámẹ́rà rẹ̀ kó tó balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ìbíkúnlé gbé ọsàn àti ẹ̀rín wá sí Sùúrùlérè lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ó ti rẹ Agbèjà."

"Kò rẹ̀ mí."

"Mi ò pe orúkọ yín. Agbèjà ni mo ní." Ó sì gbé fọ́tò kan kalẹ̀ lórí tábìlì.

Christopher wò ó títí. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, láàárín òfuurufú, apá rẹ̀ nà, ìborùn kún fún afẹ́fẹ́. Gertrude yọjú láti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. "Há! Èyí fò o," ó ní. "Bàbá Fúnmi, kì í ṣe pé wọ́n gbé àkàbà sábẹ́ tiẹ̀."

"Bó bá jẹ́ pé Agbèjà máa lọ," Christopher wí, "ẹ jẹ́ kó kú! Kí ọkọ̀ rélùwéè fẹ́ já sínú ọ̀sà ní Ìdó, kí ó fi àyà dí i, kí gbogbo èrò yè, kí òun nìkan kú."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá pa Agbèjà, àwọn tó ń ka ìwé wa á wá pa èmi."

Christopher bínú. Sátidé kan kọjá, kò lọ sí Mùṣín. Èkejì kọjá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Orí ìjókòó ló wà nínú ilé, tó ń ka ìwé ìròyìn kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe ìwé Agbèjà ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé lọ́jọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń wo òun lójú láyé yìí, àní bí ojú náà tilẹ̀ wà lábẹ́ ìbòjú.

Ní Sátidé kẹta, Sìdíkàt kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì mú ìborùn pupa náà jáde nínú ọ̀rá, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, mo dá a padà fún yín ni. Bọ̀ọ̀dá Ìbíkúnlé ní kí n máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ohun tí ẹni tó ni ín kò fún mi."

Christopher ti múra sílẹ̀ fún ìjà, kò múra sílẹ̀ fún ìkúnlẹ̀.

"Àti pé," Sìdíkàt tún wí, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Báyìí ni àbí?" Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó dúró bí ẹni tó ń dúró de oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó.

"Rárá o!" Christopher ti dìde kó tó mọ̀. "Ta ló ń dúró báyẹn? Ya ẹsẹ̀. Gbé àgbọ̀n sókè. Sókè sí i! Má wo olè lójú, wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù á bà á."

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe di ti gbogbo ọ̀sán. Wọ́n sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gertrude di olè, ó mú ọmọrogùn lọ́wọ́ bí ìbọn, wọ́n sì mú un lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nígbà tí Sìdíkàt sọ pé Ìbíkúnlé fẹ́ pe òun ní Obìnrin Agbèjà, Christopher ló kọ́kọ́ kọ̀.

"Kí ni ti obìnrin níbẹ̀? Ọlọ́pàá obìnrin, ṣé kì í mú olè ni? Agbèjà ni. Ó parí."

Wọ́n ya àwòrán ìfilénilọ́wọ́ náà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Christopher fi ìborùn náà lé Sìdíkàt léjìká. Fọ́tò lásán ni wọ́n ń yà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀ jáde. "Máa rọra fò o," ó ní. "Má sì jẹ́ kí wọ́n rí ojú rẹ tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́." Sìdíkàt tẹrí ba fún un.

Nígbà tí ìwé náà jáde, Christopher gba Ojúẹlẹ́gba kọjá lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì ń jiyàn níwájú oníwèé ìròyìn, ìwé náà ṣí sílẹ̀ láàárín wọn.

"Wo ọwọ́ bàbá yìí," ọ̀kan ní. "Ó ní òun ń fún un, ó sì dì í mú ṣinṣin. Kò wù ú láti fi í sílẹ̀."

Christopher dúró. Ó wo àwòrán náà dáadáa. Lóòótọ́ ni, ìka rẹ̀ dì mọ́ etí aṣọ náà bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

"Ó ń tún un ṣe fún un ni," ó wí. "Ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọkùnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó wo táì rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni, bàbá?"

"A jọ ń gbé inú ilé kan náà."

"Háà! Ẹ bá wa kí i o! Ẹ sọ fún un pé ó ṣe bẹbẹ!"

"Mà á jíṣẹ́," ni Christopher wí, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ, àgbọ̀n rẹ̀ lókè. Nígbà tó dé ibi gọ́tà ńlá tó wà nítòsí àdúgbò rẹ̀, ó dúró, ó fi ojú wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ká etí ṣòkòtò sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn dé ibi tí wọ́n tẹ́ pákó sí, ó sì rọra gba orí rẹ̀ kọjá.